Gáàsì Tí Kò Dé Ìdí Ẹran: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ẹ̀yìnkùlé ní Houston

Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó bá rí àkọlé òkè yìí béèrè pé kí ni ó pa akẹ́kọ̀ọ́ èdè pọ̀ mọ́ gáàsì àti ẹran sísun. Oríkì, ìjálá, àlọ́ àti gírámà ni a sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé yìí lọ́dọọdún, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pariwo pé kò sí ohun tí a kò lè fi èdè Yorùbá sọ, ó yẹ kí á máa mú ohun tí ó le díẹ̀ fi dán ariwo náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ti dán an wò, ewu ni ó sì sún mi débẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2023 ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Màmá ìyàwó ti ti Ìjẹ̀bú dé láti wá wẹ ọmọ. Ẹni tí ó bá mọ Houston mọ̀ pé àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀. Ilé ìjọsìn wọn wà, ilé ìtajà tí ó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí wà, ẹni tí ó ń sun àsun tà sì wà pẹ̀lú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń sun ẹran bí àríyá bá dé, lórí ààrò onígáàsì kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní grill. Ààrò ìsunran ni èmi yóò máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ó ní ọmọrí ńlá tí a ń gbé sókè gbé sílẹ̀, ó ní irin tí a ń tẹ́ ẹran lé, ó sì ní bọ́nà mẹ́rin nísàlẹ̀ irin náà. Sìlíńdà gáàsì a máa dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀.

Lára ààrò náà ni wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Faransé àti ní èdè Sípéènì. Màmá a máa ka Bíbélì Yorùbá láti orí Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, wọn kò gbọ́ ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n ń lo ààrò náà jù, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí òórùn ẹja yíyan kún inú ilé tí ọmọ tuntun wà.

Ọ̀nà Tí Gáàsì Ń Gbà

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ọ̀nà tí gáàsì ń gbà kí ó tó di iná. Ohun tí ó wà nínú sìlíńdà kì í ṣe èéfín bí àwọn kan ti rò. Olómi ni. Wọ́n fi ipá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di omi. Propane ni wọ́n ń lò fún irú ààrò yìí ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá bọ́ sí gbangba, kódà bí òtútù bá tó ìwọ̀n 40 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò ṣì máa hó di gáàsì. Ó di ìwọ̀n 42 kí ó tó kọ̀. Butane, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, kì í fẹ́ hó mọ́ bí ojú ọjọ́ bá ti tutù dé òdo. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi fẹ́ lo butane nìkan níta gbangba ní ilẹ̀ olótùútù. Gáàsì méjèèjì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò rọra bò mọ́lẹ̀ bí omi, kò ní gba ojú fèrèsé òkè jáde. Kò sì ní òórùn kan fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ń tà á ni wọ́n ń fi ohun olóòórùn kan sí i, tí ó fi ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́, kí imú ènìyàn lè tètè gbọ́.

Sìlíńdà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ gba 20 pọ́n-ùn gáàsì, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kílò 9. Wọn kì í rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń dúró sí, nítorí pé bí oòrùn bá pa olómi inú rẹ̀, yóò wú, ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè tí yóò wú sí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń léfòó, tí ó ń pa ẹnu ọ̀nà dé bí ó bá ti kún dé ìwọ̀n yẹn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, wọn kì í rọ gáàsì sí irú sìlíńdà yìí mọ́ ní Amẹ́ríkà bí kò bá ní ohun tí ó ń léfòó náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a mọ̀, kí ó wo ibi tí a ń fi ọwọ́ yí lórí rẹ̀: onígun mẹ́ta ni.

Nínú oòrùn Houston, ipá tí gáàsì fi ń ti ara sìlíńdà a máa ju 100 pọ́n-ùn lọ lórí íǹṣì kan níbùú lóòró. Ohun tí ààrò náà nílò kò sì tó ìdajì pọ́n-ùn. Ẹ wo bí àlàfo náà ti tóbi tó. Rẹ́gúlétọ̀ ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ohun pẹrẹsẹ kan tí ó rí róbótó bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Láti ibẹ̀ ni gáàsì ti bọ́ sínú họ́ọ̀sì, láti inú họ́ọ̀sì ó bọ́ sínú páìpù tí ó wà lẹ́yìn àwọn nọ́ọ̀bù, láti ẹnu nọ́ọ̀bù ó gba ihò tín-ín-rín kan wọ páìpù bọ́nà. Níbẹ̀ ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ó bá rí afẹ́fẹ́ tó, iná rẹ̀ a jẹ́ búlúù. Bí kò bá rí i tó, iná a pọ́n, a máa rú èéfín, a sì máa kun ìdí ẹran dúdú.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ́gúlétọ̀ fún Màmá, mo kọ́kọ́ sọ pé ó ń dín ipá kù. Wọ́n wò mí lójú. Mo tún un sọ lọ́nà mìíràn, wọ́n tún wò mí. Ìgbà tí mo wá rántí oníbodè ni ọ̀rọ̀ tó yé àwa méjèèjì. Ẹ̀yin náà mọ oníbodè láyé àtijọ́, ẹni tí ó ń jókòó sí ẹnu odi ìlú. Bí èrò ti wù kí wọ́n pọ̀ tó lẹ́yìn odi, òun ni yóò máa jẹ́ kí wọ́n wọlé níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mo ní, "Màmá, oníbodè nìyí." Wọ́n ní, "Ṣé pé ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ gáàsì ni?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, wọn kò tún ṣì í pè mọ́.

Ohun kejì tún wà tí oníbodè yìí nìkan kò tó láti ṣàlàyé. Nínú nọ́ọ̀tì ńlá onírọ́bà tí a fi ń so rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ẹnu sìlíńdà, èyí tí a ń fi ọwọ́ lásán dì, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kékeré kan sí i. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà ni pé bí gáàsì bá ń ya jáde lójijì jù, bí ẹni pé họ́ọ̀sì ti já, yóò pa ojú ọ̀nà dé, yóò sì ṣẹ́ àlàfo bíńtín kan kù. Òun ni ó rí ogunlọ́gọ̀ tí ń sáré bọ̀ ní ẹnu odi, tí ó sì rò pé ogun dé. Kò mọ̀ bóyá ogun ni tàbí àwọn oníyàwó. Yóò kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn ná.

Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

A ti sọ ọmọ lórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ Sátidé. Àlejò ń bọ̀ ní agogo méjì ọ̀sán, ẹran ewúrẹ́ odidi méjì sì wà nílẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣe àsun. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó yí nọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ọmọrí ààrò sì wà ní pípadé. Ó wá ṣí sìlíńdà lẹ́ẹ̀kan náà dé òpin, bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Ó tẹ ohun tí ń ṣáná lára ààrò náà, ó dún kẹ̀, kò ràn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó bínú, ó fa láítà yọ.

Imú mi ti gbọ́ òórùn náà. Mo kígbe pé, "Bùọ̀dá, ẹ má tíì ṣáná!" Ó ti pẹ́ jù. Bí ó ti ṣí ọmọrí náà díẹ̀ tí ó na láítà sí i ni iná bú jáde gbòà. Gbogbo gáàsì tí ó ti kó ara jọ sábẹ́ ọmọrí ni ó jó lẹ́ẹ̀kan. Irun apá rẹ̀ jó, irun ojú rẹ̀ ọ̀tún jó dé ìdajì. Bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó tẹ̀ sínú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ báyìí yóò yàtọ̀. Nínú gbogbo fọ́tò ìsọmọlórúkọ náà, ojú kan ṣoṣo ni bàbá ọmọ fi ń wo kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ bo èkejì.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: ọmọrí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí a tó dá gáàsì sílẹ̀. Bí iná kò bá ràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí a ti ohun gbogbo pa, kí a fi ọmọrí sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí atẹ́gùn gbé gáàsì yẹn lọ. Ìkánjú ni ó ń sun ènìyàn nídìí ààrò yìí, gáàsì kì í ṣe é fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, iná wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí iná fìtílà. Aago ìwọ̀n ooru tí ó wà lára ọmọrí kò kọjá 250 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 120 lórí Celsius. Ìwọ̀n yẹn kò lè sun ẹran, àfi kí ó máa bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní gáàsì ti tán, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí ó lọ pààrọ̀ sìlíńdà. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ dúró.

Lára ọrùn sìlíńdà ni wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà TW sí, pẹ̀lú nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀. Ìwọ̀n sìlíńdà lófìfo ni nọ́ńbà yẹn. Tiwa jẹ́ 17 pọ́n-ùn. Mo ti sìlíńdà pa, mo tú u, mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ń wọn ara rẹ̀, ó sì jẹ́ 31. Yọ 17 kúrò nínú 31, ó ku 14 pọ́n-ùn gáàsì. Gáàsì kò tán, ó lé ní ìdajì dáadáa. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n lè da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà láti òkè, kí ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí irin bá ti tutù lójijì ni olómi inú rẹ̀ dé, nítorí pé olómi náà ń fa ooru irin mọ́ra.

Bí gáàsì bá wà, tí kò sì dé ìdí ẹran, ibo ni ó dúró sí? Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni pé bọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni iná wọn kéré bákan náà. Bí omi ẹ̀rọ kò bá dé ilé kan ṣoṣo ní àdúgbò, inú páìpù ilé yẹn ni à ń wò. Bí kò bá dé ilé kankan, ìdí tánkì ni à ń lọ. Ohun tí ó ń ṣe gbogbo bọ́nà gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí wọ́n ti pínyà, ìyẹn ni pé ó wà láàárín ẹnu sìlíńdà àti họ́ọ̀sì. Mo wá rántí bí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí i. Nọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà ní ṣíṣí, ó tún ṣí sìlíńdà gbàgà. Gáàsì ya jáde, kò sì rí ohun tí yóò dá a dúró níwájú. Ẹ̀ṣọ́ inú nọ́ọ̀tì rò pé họ́ọ̀sì ti já, ó ti ìlẹ̀kùn. Gáàsì bíńtín tí ó ń yọ́ gba àlàfo ni bọ́nà mẹ́rin ń pín jẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba irinṣẹ́ kankan. A ti rí i pé mo ti tú sìlíńdà kúrò. Mo yí gbogbo nọ́ọ̀bù padà sí pípa, mo dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ipá inú họ́ọ̀sì lọ tán, mo dá nọ́ọ̀tì padà, mo sì fi ọwọ́ dì í títí kò fi yí mọ́. (Bí nọ́ọ̀tì yìí kò bá wọlé tán, sìlíńdà kì í tú gáàsì sílẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti dá sìlíńdà kíkún padà sí ilé ìtajà nítorí èyí.) Mo wá ṣí sìlíńdà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Mo dúró kí gáàsì kún họ́ọ̀sì. Mo ṣí nọ́ọ̀bù kan, mo tan án, ó ràn, ó sì le. Mo tan èkejì àti ẹ̀kẹta, àwọn náà dára.

Ẹ̀kẹrin ni ó kù. Iná rẹ̀ kéré, ó sì pọ́n rúsúrúsú. Nísinsìnyí tí àwọn mẹ́ta yòókù ti dára, a mọ̀ pé inú ilé ẹ̀kẹrin fúnra rẹ̀ ni àrùn wà. A ti í pa, a sun ìdajì ẹran lórí mẹ́ta, àsun sì tó gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì tí ààrò tutù, mo fa bọ́nà náà yọ. Alántakùn ni. Ó ti ta òwú rẹ̀ kún ẹnu páìpù tí gáàsì ti ń pàdé afẹ́fẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn ni mo fi fọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni ọ̀rọ̀ alántakùn. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Mazda pe ọkọ̀ bí 65,000 padà nítorí pé alántakùn kan ń ta òwú sínú ọ̀nà atẹ́gùn tánkì epo wọn. Àwọn ihò tóóró wọ̀nyí a máa wu alántakùn gan-an, pàápàá bí a bá fi ààrò sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìlò ó.

Ohun Tí Màmá Mọ̀ Tí N Kò Mọ̀

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ́ Màmá bí a ṣe ń ṣí sìlíńdà díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé iná tún ti ń ṣe bí ti ọjọ́ yẹn. Mo dé ibẹ̀, bọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kéré. Mo ní, "Màmá, ẹ ti kánjú ṣí i ni."

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, n kò kánjú. Bí o ti ní kí n ṣe é ni mo ṣe é."

Mo ní ó lè jẹ́ pé wọn kò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn yá. Wọn kò dá mi lóhùn. Mo tú u, mo tún un so, mo rọra ṣí i fúnra mi, wọ́n sì dúró tì mí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Iná kò gbèrú. Ojú tì mí díẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti ń sọ nínú ilé láti ọjọ́ méjì, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí: pé òórùn ẹyin tí ó bàjẹ́ kan ń bá àwọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn pé ìdọ̀tí inú agbọ̀n tí wọn kò tíì wá kó ni. Èmi náà gbà á gbọ́.

Mo ti gbogbo rẹ̀ pa. Mo po ọṣẹ ìfọ̀wo mọ́ omi títí ó fi yọ ìfófòó. Mo rí i pé nọ́ọ̀bù wà ní pípa, mo rọra ṣí sìlíńdà díẹ̀, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ omi ọṣẹ sí ẹnu nọ́ọ̀tì, sí ara rẹ́gúlétọ̀, àti sí gbogbo gígùn họ́ọ̀sì. Ẹnu nọ́ọ̀tì dákẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ dákẹ́. Nígbà tí mo dé abẹ́ ibi tí ọ̀rá ẹran máa ń kán sí, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń tóbi, ó ń bẹ́, ó tún ń wú. Ìtọ́ eku ni a rí níbẹ̀ nígbà tí a nu ọṣẹ kúrò, ìyẹn ojú ibi tí ó ti fi eyín gé họ́ọ̀sì náà. Ọ̀rá tí ó kán sórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni ó pè é wá.

Ẹ̀ṣọ́ inú nọ́ọ̀tì kò ṣàṣìṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ogun dé lóòótọ́. Nígbà tí họ́ọ̀sì ń jò, kò sí bí ipá yóò ti kún inú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ kò ní ṣí ìlẹ̀kùn, bí ó ti wù kí a rọra tó. Ohun tí mo kà sí àṣìṣe ọwọ́ Màmá ni ohun tí ó ń dáàbò bo gbogbo wa, tí ọmọ ọjọ́ mẹ́tàlá sì ń sùn lẹ́yìn ògiri ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn níbi tí omi ọṣẹ dà sí. Wọ́n ní kí n dìde, pé aṣọ mi ń tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi téèpù wé ojú ibẹ̀, mo sì kọ̀. Téèpù kì í mú họ́ọ̀sì gáàsì. A ra họ́ọ̀sì àti rẹ́gúlétọ̀ tuntun tí wọ́n so pọ̀, a dì í, a tún fi ọṣẹ tọ́ ọ wò kí a tó ṣáná sí i. Mo mọ̀ pé nílé níbí, àwọn kan a máa fi iná ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Mo ti fojú ara mi rí i. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí ibi tí ó ti ń jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má rí nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Káàdì Ara Ògiri

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó láti kọ ìlànà ààrò náà sórí káàdì funfun ní èdè Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti wọlé nìyí. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ẹni túmọ̀ ìwé ìkìlọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gùn, ó sì rí wúruwùru. Màmá kà á, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Mo fà á ya. Mo wá ní kí àwọn sọ fún mi bí wọn yóò ti sọ ọ́ fún ọmọ wọn mìíràn. Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ: Ṣí ọmọrí kí o tó ṣe ohunkóhun. Wò ó pé gbogbo rẹ̀ wà ní pípa. Rọra ṣí sìlíńdà, kí o ka ení dé ogún. Tan ọ̀kan, kí o tó tan èkejì. Bí kò bá ràn, pa á, kí o lọ wo ọmọ, kí o tó padà wá. Bí ó bá ń rùn, má ṣáná, pa sìlíńdà, kí o pe ẹni tí yóò fọ ọṣẹ sí i. Ẹ ṣàkíyèsí "kí o lọ wo ọmọ." Èmi ìbá kọ ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó dúró ti ààrò kì í ka ìṣẹ́jú márùn-ún pé, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ wo ọmọ, ìṣẹ́jú yóò lé ní márùn-ún.

Nínú ẹ̀ka wa a máa ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Ìgbà tí mo ń kọ káàdì ni mo tó mọ ohun tí ó ṣòro nínú iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò jókòó pẹ̀lú ẹni tí ń lo nǹkan náà kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Mo gbà pé "rẹ́gúlétọ̀" kò burú, gbogbo ọjà ni ó mọ̀ ọ́n, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa béèrè oníbodè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta gáàsì. Ṣùgbọ́n fún àlàyé, oníbodè ni ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwa tí a wà nílé ìwé níbí. Ọ̀pọ̀ rẹ́gúlétọ̀ tí mo ti rí lórí sìlíńdà wa, títí dé ti kílò 12.5, kò ní ẹ̀ṣọ́ tí mo ń sọ yìí. Bí họ́ọ̀sì bá jò, gáàsì yóò máa bọ̀ ni. Àwa tí a ń fi sìlíńdà kékeré pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ rántí pé ilẹ̀ ni gáàsì ń bò, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ni ilẹ̀. Omi ọṣẹ kò wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ ààrò ìta ni, ìta ni kí ó wà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù líle mú Texas tí iná mànàmáná lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn kan gbé ààrò ìsunran wọlé kí wọ́n lè yáná, àwọn mìíràn tan jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì. Èéfín tí kò lóòórùn tí a kì í rí pa nínú wọn. Òórùn ẹyin wà nínú gáàsì láti kìlọ̀ fún wa; irú èéfín yẹn kò ní ohun tí yóò kìlọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kù tí n kò rí kọ sórí káàdì náà: ohun tí mo ti ń pè ní nọ́ọ̀bù láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi àlàfo sílẹ̀ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i pé Màmá ti fi bírò dí àlàfo náà. "Etí" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi àmì sí i lórí dáadáa. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ etí. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń fà bí ọmọ bá ń ṣe agídí?"